Ohun Tí Mo Kọ́ Nkandu

Ọmọbìnrin mọ́kànlélógójì ni mo ti kọ́ wọ ilé ọkọ ní Mpatamatu yìí, nílùú Luanshya, wọn ò sì dá ọ̀kan padà fún mi rí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ìyẹn lélẹ̀, torí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kò buyì kún mi. Nachimbusa ni mí. Bí ìgbéyàwó bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọn á mú ìyàwó tuntun wá fún mi, màá ti ilẹ̀kùn, màá sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń bá ọkọ sọ̀rọ̀, bí wọ́n ṣe ń gba àlejò, bí wọ́n ṣe ń pa ẹnu mọ́ nígbà tí ìyá ọkọ bá ń bínú, àti bí obìnrin ṣe ń tọ́jú ara tí ọkọ yóò bá lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀rọ̀ inú yàrá yẹn kì í jáde síta. Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn gbẹ̀yìn nìyẹn: ẹni tó bá gbé e síta, ẹnu ara rẹ̀ ló fi tú ilé rẹ̀.

Bí n kò bá kọ́ ìyàwó, munkoyo, ohun mímu àgbàdo tó ń kan díẹ̀, ni mò ń pò tà. Ẹni tó bá ti mu tèmi kì í mu ti ẹlòmíràn mọ́ ládùúgbò wa. N kò gbéra ga, ẹ bèèrè wò.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, mo ń sẹ́ munkoyo lọ́wọ́ ní ẹ̀yìnkùlé ni Nkandu wọlé. Ọdún tó kọjá ni mo fà á lé ọkọ lọ́wọ́. Ọmọ dáadáa ni, ó gbọ́rọ̀ ju gbogbo àwọn yòókù lọ. Mo ní kó jókòó, ó ní òun fẹ́ dúró. Obìnrin tó bá rìn láti òdì kejì ojú irin wá, tí wọ́n gbé àpótí fún, tó ní òun fẹ́ dúró, mo mọ ibi tó ti ń dùn ún.

"Ìyá, ó tún ti dé."

"Nǹkan yẹn náà?"

"Òun náà ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló fi fi mí sílẹ̀."

Ẹlẹ́ẹ̀kẹrin rẹ̀ nìyẹn láàárín oṣù méje. Omi tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú máa ń jáde lójú ara rẹ̀, òórùn rẹ̀ bí ẹja kapenta tí òjò pa lórí ẹní, bó bá sì ń tọ̀, á máa ta á. Kílíníkì á fún un ní oògùn ọjọ́ méje, á lò ó tán, ara á balẹ̀. Kí oṣù tó yí po, ó ti padà. Nígbà kẹta, oògùn náà lé ìyẹn lọ, ó sì gba òmíràn láyè, èyí tó funfun tó ki bí ògì, tó ń yún un bí ẹni tó jókòó lé wèrèpè. Ó ní òun fi odidi ọ̀sán kan jókòó sínú bàsíà omi tútù.

"Chola ńkọ́?" Orúkọ ọkọ rẹ̀ nìyẹn.

"Pálọ̀ ló ń sùn báyìí. Kì í pariwo. Ì bá tiẹ̀ sàn kó pariwo." Ó fa ìró rẹ̀ mọ́ra. "Ìyá rẹ̀ ti dé láti Kasama lọ́jọ́ Àìkú. Wọ́n ní lọ́jọ́ Sátidé gbogbo wa máa jókòó, kí ẹ̀yin náà wá. Wọ́n ní bí n kò bá dárúkọ ọkùnrin tó ń kó o ràn mí, kí n di ẹrù mi."

"Ṣé ọkùnrin kan wà?"

"Ìyá, ẹ mọ̀ mí."

Mo mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Mo wá bi í bóyá ó ń fọ ara rẹ̀ dáadáa.

"Mo ń fọ̀ ọ́. Láàárọ̀, lálẹ́, àti nígbàkigbà tá a bá bára wa sùn, nígbà tá a ṣì ń sùn pọ̀. Bí ẹ ṣe kọ́ mi náà ni."

"Pẹ̀lú ọṣẹ?"

"Pẹ̀lú ọṣẹ. Pẹ̀lú ewé yẹn náà."

"Fi kún un," ni mo wí. Ẹ má gbàgbé pé ẹnu mi lọ̀rọ̀ yẹn ti jáde.

Lọ́jọ́ kejì, mo sin ín lọ sí kílíníkì. Kì í ṣe pé mo gbà pé wọ́n mọ̀ jù mí lọ. Ìwé ni mo fẹ́ gbà. Ìyá Chola kì í ṣe ẹni tí èèyàn ń fi ẹnu lásán bá jà, mo sì fẹ́ kí nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ mi kò ṣe ìṣekúṣe.

Zondiwe ni wọ́n ń pe nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́, ọmọ Ngoni láti Chipata, kò tíì tó ọgbọ̀n ọdún. Bí ó ṣe gbọ́ ohùn mi báyìí, ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ káàárọ̀, Ìyá. Ẹ̀yin ajẹran-ọ̀bọ, kí ló gbé yín jáde lónìí?"

"Ìwọ ajẹran-eku, nu ẹnu ẹ nù ná, kó o wá bá mi wo ọmọ mi."

Bí àwa Bemba àti wọn ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Àwọn baba ńlá wa bá ara wọn jagun, ogun náà ti tán, èébú ló ṣẹ́ kù. Ohunkóhun tí Ngoni bá sọ sí Bemba, Bemba kò gbọdọ̀ bínú, ẹni tó bá bínú ló jẹ̀bi.

Ó yẹ Nkandu wò, ó fi òwú gba díẹ̀ nínú omi náà lọ wò, ó padà wá, ó ṣí ìwé kílíníkì rẹ̀.

"Òun náà ni. Kì í ṣe àtọ̀sí o. A ti yẹ ẹ̀jẹ̀ ìwọ àti ọkọ ẹ wò, kò sí ohunkóhun níbẹ̀. Àmọ́ kò yẹ kó máa padà báyìí. Nkandu, kí lo fi ń fọ ojú ara ẹ?"

"Omi ni."

"Omi nìkan?"

"Omi nìkan."

Nọ́ọ̀sì yí ìwé náà sí mi. Mo kàwé dé ipele keje, mo rí i. Ìgbà mẹ́ta ni wọ́n ti bi í ní ìbéèrè kan náà, ìgbà mẹ́ta ni wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé omi nìkan. Ọmọ náà ń wo ilẹ̀. Àṣírí mi ló ń pa mọ́. Ó ń rùn, ọkọ rẹ̀ ń sá fún un, wọ́n fẹ́ lé e nílé, síbẹ̀ kò la ẹnu, torí pé mo ní kó má la ẹnu. Àánú rẹ̀ ṣe mí, ojú sì tì mí, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé ojú ń tì mí.

"Ìyá, ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ wọlé ọkọ?"

"Èmi ni."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kó bá mi sọ̀rọ̀."

"Ohun tá a ń ṣe nínú yàrá kì í ṣe fún etí ẹ."

"Ó dáa náà. Ẹ̀yin ajẹran-ọ̀bọ, ẹ di àṣírí yín mú dáadáa, kí ọmọ yín máa rùn lọ."

Ká ní ẹlòmíràn ló sọ ọ́, à bá jọ wọ̀yá ìjà níbẹ̀. Ngoni ló sọ ọ́. Mo fi agídí rẹ́rìn-ín. Mo wá yí sí Nkandu, mo ní, "Sọ fún un."

Ó sọ ọ́. Bí a ṣe ń fi ìka méjì wọ inú lọ́hùn-ún pẹ̀lú ọṣẹ àti omi gbígbóná títí omi tó ń jáde á fi mọ́ gaara. Bí a ṣe ń lọ ewé gbígbẹ kúnná, tí a ń fi díẹ̀ sínú kí ibẹ̀ lè gbẹ, kí ọkọ má bàa sọ pé òun wọ inú ẹrẹ̀. Bó ṣe ń sọ ọ́, ohùn rẹ̀ ń balẹ̀ sí i. Àmọ́ nígbà tó parí ọ̀rọ̀, mo rí i tó mí kanlẹ̀ bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀.

Nọ́ọ̀sì fi bírò rẹ̀ lélẹ̀. Mo rò pé yóò bú mi. Kò bú mi.

"Ìyá, munkoyo yín dùn. Mo máa ń ránṣẹ́ rà á. Ọṣẹ wo lẹ fi ń fọ igbá tẹ́ ẹ fi ń pò ó?"

"Ta ló ń fi ọṣẹ fọ igbá munkoyo? Omi lásán ni. Bí ọṣẹ bá kàn án, kò ní kan mọ́, bíbàjẹ́ ló máa bàjẹ́."

"Kí ló fà á?"

"Ohun tó ń mú un kan ti kú nìyẹn."

Ó ń wò mí. Mo rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ, n kò sì fẹ́ bá a débẹ̀.

"Bí inú obìnrin ṣe rí náà nìyẹn," ló wí. "Nǹkan ẹlẹ́mìí kéékèèké kan wà níbẹ̀ tójú ò lè rí, àwọn ló ń mú kó kan díẹ̀, àwọn ló ń ṣọ́ ọ. Bí ẹ bá fi ọṣẹ pa wọ́n, àwọn tí kò dáa á wọlé. Tó bá wá ń rùn, ẹ̀ẹ́ fi kún ọṣẹ. Oògùn mi á pa àwọn tí kò dáa, ọṣẹ yín á pa àwọn tó dáa. Ìgbà wo ló máa sàn?"

"Ìyá mi fọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìyá tó bí ìyá mi fọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀."

"Kò sì yún wọn rí?"

Mo dìde. Mo ní kí Nkandu gba oògùn rẹ̀, mò ń dúró dè é níta. Ọmọ tí kò tíì lọ́kọ ló fẹ́ kọ́ mi. Mo gbọ́ tó ń sọ fún Nkandu lẹ́yìn mi pé kó lo oògùn náà tán, kó má fi ohunkóhun wọ inú ara rẹ̀ mọ́, omi lásán nìkan, ìta nìkan, pé kí Chola náà lo tirẹ̀ torí àrùn náà lè máa fara pamọ́ sí ọkùnrin lára láìṣe é ní nǹkan kan, pé ó ṣeé ṣe kó tún padà lẹ́ẹ̀kan, kó má bẹ̀rù, kó padà wá. Kò kọ ìwé kankan fún mi. Mo ti gbàgbé láti bèèrè.

Mo bínú délé, mo bínú sùn. Lọ́jọ́bọ̀, mo ń da omi lásán sínú igbá, mo ń gbọ̀n ọ́n, ọwọ́ mi dúró.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ọkọ mi fún yín. Abẹ́ ilẹ̀ ló ti ṣiṣẹ́ níbi ìwakùsà títí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ fi kọṣẹ́, ó kú, ó di ọdún mọ́kànlá. Ọdún méjìlélógún la jọ gbé. Ní gbogbo ọdún náà, ohun tó ń ṣe Nkandu yìí ń ṣe mí. Ó ń lọ, ó ń bọ̀. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ta ni nachimbusa máa sọ ọ́ fún? Àmọ́ mo sọ ọ́ fún ọkọ mi. Gbogbo ìgbà tó bá ti dé, màá sọ fún un pé àwọn obìnrin ilé ọtí ló ti kó o wálé fún mi. Á búra. Á fi ìyá rẹ̀ búra. Màá gbé oúnjẹ nshima síwájú rẹ̀ láìkí i. Ọdún kan wà tí mo gbé ibùsùn rẹ̀ lọ sí ilé ìdáná, àwọn ọmọ sì ń wò wá. Kò jẹ́ kó sú òun láti máa wí pé, "Ìyá Kasuba, n kò ṣe é." Nígbà tó ń kú lọ, ó tún wí i. Mo ní kó sinmi. N kò sọ pé mo gbà á gbọ́.

A sin ín, oṣù kan kò tíì pé, nǹkan náà lọ, kò padà mọ́ títí dòní. Mo ti fi ọdún mọ́kànlá sọ fún ara mi pé ó ru àrùn rẹ̀ lọ sí sàréè. Lọ́jọ́bọ̀ yẹn, pẹ̀lú igbá lọ́wọ́, mo rántí ohun mìíràn tó dáwọ́ dúró lóṣù náà. Opó kì í fi ọṣẹ wọ inú. Nítorí ta ni? Mo so àpò ewé mi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn lọ́jọ́ tí a sin ín, n kò fọwọ́ kàn án mọ́.

Èmi kì í ṣe ẹlẹ́kún. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn títí ìyàwó ilé kejì fi wá kan ilẹ̀kùn, mo purọ́ fún un pé àlùbọ́sà ni.

Ó di Sátidé. Pálọ̀ Nkandu kò tóbi. Ìyá Chola wà lórí àga ńlá, Chola wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, Nkandu jókòó sórí ẹní pẹ̀lú báàgì rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti di í láti àárọ̀. Mo rí aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀ tó yọ etí níbi síìpù.

"Ìyá Kasuba, ẹ kú ìrìn," ni Ìyá Chola wí. "Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n kọ́ jù ní gbogbo Luanshya. Ìyàwó tẹ́ ẹ wá kọ́ fún wa ń lé ọkọ kúrò nínú yàrá. Àbí ó rẹ̀ yín lọ́jọ́ tó kan ìmọ́tótó ni?"

"Kò rẹ̀ mí."

"Ẹ kọ́ ọ, ó sì ń fọ̀ ọ́?"

"Ó ń fọ̀ ọ́."

"Kí lẹ̀yin náà máa ń sọ fún àwọn ọmọ? Obìnrin tó bá ń fọ ara rẹ̀ tó ṣì ń rùn, ọkùnrin ìta ló wà ńbẹ̀. Àbí n kò gbọ́ ọ dáadáa?"

Ó gbọ́ ọ dáadáa. Ọ̀rọ̀ mi ni, bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ gan-an. Ọ̀nà méjì ló wà níwájú mi. Mo lè sọ pé ọmọ náà gbàgbé ẹ̀kọ́ mi, kí n mú un lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì bí ẹni tó ń tún un kọ́. Orúkọ mi á wà níbi tó wà. Àmọ́ ojú tí Chola fi ń wò ó kò ní yí padà. Yóò máa bá a gbé, yóò sì máa fura sí i, bí ẹnìkan tí mo mọ̀ ṣe fura sí ẹnìkan fún ọdún méjìlélógún.

Mo ní, "Èmi ni mo dá a sílẹ̀."

Ìyá Chola tọ́ka sí ilẹ̀kùn. Ó ní, "Chola, bọ́ síta. Ọ̀rọ̀ obìnrin ti dé."

"Kó jókòó," ni mo wí. N kò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ níwájú ọkùnrin rí láyé mi. Mo wo ògiri, mo sì sọ ọ́. Mo sọ ti ọṣẹ, mo sọ ti ìka, mo sọ ti ewé. Mo sọ ohun tí nọ́ọ̀sì Ngoni yẹn sọ, pé àrùn náà kì í ṣe ti ìṣekúṣe, pé fífọ̀ tí mo ní kó máa fọ̀ ọ́ ló ń pè é padà.

"Ọmọ Ngoni kan ló sọ̀rọ̀, lẹ̀yin wá ń fi orí balẹ̀ fún un?" ni Ìyá Chola wí.

"Ká ní òun nìkan ló sọ ọ́, n kò ní gbà. Ó ṣe èmi náà."

Mo wá sọ ti ọkọ mi fún wọn. N kò fi ohunkóhun pamọ́, àfi ẹkún. Mo sọ ti ilé ìdáná. Mo sọ ti ìbúra. Mo sọ bó ṣe lọ lóṣù tí mo dẹ́kun fífọ̀ ọ́.

"Ìyá Chola, wọ́n kọ́ ẹ̀yin náà bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Ṣé kò ṣe yín rí?"

Ó ń fi èékánná tú etí ìró rẹ̀. "Ẹ má bá mi dá ìyẹn sílẹ̀ níwájú ọmọ tí mo bí," ló wí, ohùn rẹ̀ kò sì le mọ́.

Chola ló sọ̀rọ̀ tẹ̀lé e.

"Ìyá, kí bàbá yẹn tó kú, ṣé wọ́n mọ̀ pé ẹ gbà wọ́n gbọ́?"

"Kò mọ̀. N kò tíì gbà á gbọ́ nígbà náà. Ọjọ́bọ̀ tó kọjá yìí ni mo gbà á gbọ́."

Chola wo ìyàwó rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ kò gbójú sókè, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí báàgì náà. Lẹ́yìn náà Chola dìde, ó kúnlẹ̀ lórí ẹní níwájú rẹ̀, ìyá rẹ̀ ń wò ó, èmi náà ń wò ó.

"Nkandu, n kò gbà ẹ́ gbọ́," ló wí. "Mo gbà ẹ́ gbọ́ báyìí. Ìwọ ṣì wà láyé tó o fi gbọ́ ọ."

Ó gba báàgì náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e wọ yàrá lọ. A gbọ́ tó ń ṣí síìpù rẹ̀, tó ń kó aṣọ inú rẹ̀ jáde.